Dókítà Aristarco Bá Ẹja Du Orúkọ

Ẹ fara balẹ̀ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kí n sọ fún yín bí alága ìlú wa ṣe kú láìṣàìsàn, tó sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ káàánú rẹ̀, kó káàánú. Èmi ti rẹ́rìn-ín tèmi títí ìhà fi ń dùn mí, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Guarapiná ni ìlú wa ń jẹ́. Kì í ṣe ìlú nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Guarapiná ni. Ẹja dúdú onírùngbọ̀n tó ń gbé inú ẹrẹ̀ odò náà, guarapiná ni. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá, ọtí ìrèké tí àwọn ọkùnrin ń mu tí wọ́n bá sọdá tán, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tí kì í borí, Guarapiná ni gbogbo wọn. Ewé kan tún wà létí odò tí àwọn ìyá wa ń sè fún ẹni tí inú rẹ̀ bá dí. Guarapiná ni òun náà. Wọ́n ní ìlú mìíràn ń jẹ́ ẹ lápá gúúsù, àti òpópónà kan ní Rio tí àwọn olówó ń gbé. Èyí kò dààmú wa rí. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí Guarapiná, ohun tó gbé lọ́wọ́ la ó wò. Bó bá gbé ìwọ̀, odò ló ń lọ. Bó bá gbé ìgò, ọtí ló ń wá. Bó bá di ikùn mú, a ó yà lọ́nà fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí i, òun náà ni alága ìlú, Dókítà Aristarco Vilhena Brandão. Kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kò sì kọ́ iṣẹ́ òfin. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ti ń dán, tí ikùn rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ wọlé, dókítà ni. Bí Dókítà bá fẹ́ tọrọ omi mímu, yóò kọ́kọ́ kí àwọn tó dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀, yóò mẹ́nu ba ọjọ́ iwájú àwọn ọ̀dọ́, yóò bá àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú wí, kó tó kan omi. Àwọn afunfèrè ìlú ní láti fun fèrè nígbàkigbà tó bá jáde nílé, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Anacleto máa ń wà, ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìlú. Bí Dókítà bá sín, Anacleto á pàtẹ́wọ́, á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ wa.

Ibi àsè nílé gómìnà ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà dìde láti sọ ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Èmi, Aristarco Vilhena Brandão, ọmọ ilẹ̀ yìí, ìránṣẹ́ àwọn aráàlú, mo mú ìkíni ọlọ́lá wá láti Guarapiná."

Ìyàwó gómìnà gbójú sókè nídìí àwo rẹ̀. Obìnrin rere ni, kò ní ibi nínú. Ó ní, "Guarapiná? Háà, mo mọ̀ ọ́n. Ewé tí ìyá àgbà mi máa ń sè fún wa nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mu ún láàárọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ jìnnà sílé o."

Gómìnà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tí gómìnà bá rẹ́rìn-ín, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó kọjá lára Dókítà tí kò béèrè bóyá ó ti rí ibi yà sí.

Ó padà sílé, ó sì pe ìgbìmọ̀ jọ. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú tó bá ń bá ẹja àti ewé ìgbẹ́ gbuuru pín orúkọ kò lè níyì láéláé. Orúkọ tí ìlú máa jẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Ó ní kí wọ́n wá orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó wá dákẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè bíi pé wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀.

Anacleto nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ọlọ́lá jùlọ, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn yín. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Dókítà Aristarco."

"Rárá o," ni Dókítà wí. "Rárá. Mi ò gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òfin pàdé. Òfin ìpínlẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n fi orúkọ alààyè pe ohunkóhun tó jẹ́ ti ìjọba. Òkú nìkan ló lè ni òpópónà. Ẹni tó bá fẹ́ ni odindi ìlú ní láti kọ́kọ́ kú. Anacleto mọ èyí dáadáa, nítorí ó ti fi orúkọ bàbá ìyàwó rẹ̀ pe kànga kan rí, ó sì dúró títí bàbá náà fi kú.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, ó súnmọ́ etí Dókítà. "Ọ̀nà kan wà, Ọlọ́lá. Ẹ máa kú ni."

"Kí lo wí?"

"Lórí ìwé ni o. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. A ó fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí gómìnà, a ó ṣe ìsìn ọjọ́ keje fún yín, gómìnà á fọwọ́ sí orúkọ tuntun. Lẹ́yìn náà a ó ní àṣìṣe ni, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ló máa gba orúkọ padà lára ìlú tó ti kọ ọ́ sára ògiri?"

Dókítà rò ó. "Ta ni yóò jókòó sórí àga mi fún ọ̀sẹ̀ kan náà?"

"Òfin ní olórí ìgbìmọ̀ ni. Àmọ́ ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́lá. Ìdajì ìdí ni n ó fi jókòó."

Dókítà gbà. Kí ó tó kú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún òfin orúkọ tuntun náà, ó ní kí orúkọ àtijọ́ kúrò lẹ́nu gbogbo ènìyàn pátápátá. Ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Guarapiná láàrin ìlú àti lórí omi, láti ọjọ́ náà lọ Dókítà Aristarco ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó bá pè é ní orúkọ àtijọ́ yóò sun àtìmọ́lé. Anacleto pàtẹ́wọ́ fún un. Olùfẹ́ mi tó ń kàwé yìí, ìwọ ti rí ohun tí wọn kò rí.

Ìsìn ọjọ́ keje kún fọ́fọ́, nítorí wọ́n ti kéde pé kọfí àti àkàrà òyìnbó yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkú fúnra rẹ̀ wà lókè, lẹ́yìn aṣọ títa níbi tí àwọn akọrin máa ń dúró sí. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí Anacleto ń kà. "Ó lọ, oòrùn tí kì í wọ̀! Ó lọ, igi ńlá tí gbogbo wa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀!" Omijé bọ́ lójú Dókítà. Ó ṣe é láàánú gan-an pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kú.

Lábẹ́ ibi tó dúró sí gan-an ni ìyá ẹlẹ́ja kan, Dona Benvinda, jókòó, òun àti aládùúgbò rẹ̀.

"Kí ló tiẹ̀ pa á?" ni aládùúgbò béèrè.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ló há a lọ́fun."

"Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ àbí tẹlòmíì?"

"Tiẹ̀ ni. Tẹlòmíì kì í dọ́dọ̀ ẹ̀."

"Ìwọ, o sunkún?"

"Mo gbìyànjú. Mo rántí màlúù mi tó kú léèṣí, ìyẹn ló jẹ́ kí díẹ̀ jáde."

Dókítà fẹ́ fa aṣọ títa ya kí ó bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Anacleto ti dé ibi tí ó ti ń yìn ín fún afárá tí kò kọ́, ó sì fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ó dúró gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìjọba, ó ti fi ọ̀já oyè rẹ̀ kọ́rùn. Ó bá Anacleto lórí àga. Ìdí Anacleto méjèèjì ló wà lórí àga náà, kò sì sí àyè mìíràn níbẹ̀.

"Dìde, Anacleto."

"Ẹ káàbọ̀, Olóògbé. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí àwọn alààyè má gbọ́." Ó mú tẹlígíráàmù jáde. "Gómìnà ti fọwọ́ sí i. Ó ní fún ìrántí ẹni rere tó ti lọ. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá wà láàyè, òfin ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á yọ orúkọ kúrò. Ẹ̀yin náà ẹ mú ọ̀kan. Àga ni àbí orúkọ?"

"Ìwọ lo ní ọ̀sẹ̀ kan!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí orúkọ náà fìdí múlẹ̀ ná. Kí ló ń kán yín lójú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ẹni ayérayé."

Dókítà wo ojú fèrèsé. Lódìkejì ọ̀nà, wọ́n ń kun orúkọ rẹ̀ sára ilé ìpàdé pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìnkùlé padà lọ sílé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀, Dona Leocádia, ti wọ aṣọ dúdú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sunkún lóru nítorí pé ó tì í lójú láti máa purọ́ fún àwọn tó ń wá kí i. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tó wá kí i jókòó tì í, wọ́n béèrè bó ṣe sùn, wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Láti ọdún tó ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé náà, torí pé ohùn ẹlòmíràn ló gba gbogbo àyè. Ó gbé ọkọ rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó igi ìdáná sí.

"Olóògbé, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, mo fẹ́ gbálẹ̀."

"Leocádia, ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa pè yín bẹ́ẹ̀, kó má bàa bọ́ lẹ́nu mi lójú àlejò. Àbí ẹ fẹ́ kí n pè yín lórúkọ? Orúkọ yín ti di ti ìlú."

Láti yàrá náà ni Dókítà ti ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lo orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òfin là ń tẹ̀lé, àwa kì í ṣe aláìgbọràn. Mọ́tò tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri ìlú kò dákẹ́ láti òwúrọ̀.

"Dókítà Aristarco tútù ti dé sọ́jà! Wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀, wọ́n ti kó ìfun ẹ̀ jáde!"

"Ẹ̀yin èrò tó fẹ́ sọdá, ẹ mú sùúrù. Dókítà Aristarco ti lu nídìí, wọ́n ń gbọ́n omi inú ẹ̀."

"Dókítà Aristarco jẹ gbèsè góòlù méje lọ́jọ́ Àìkú, kò rí ọ̀kan san."

"Ẹni tínú ẹ̀ bá dí, kó lọ bá ìyá eléwé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà Aristarco ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Ẹ má mu ún tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò."

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá, Dókítà á fi ìrọ̀rí di etí. Síbẹ̀, tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, yóò yọjú wo ọ̀dà wúrà tó wà lára ilé ìpàdé, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò pa lẹ́rìn-ín ni Dona Benvinda. Ẹja ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí odò ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò rà á mọ́. Ẹni tó bá dúró, tó tẹ ẹja náà wò, tó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, á fà sẹ́yìn. "Òkú ọjọ́ mélòó yìí? Ẹ má bínú, Dona Benvinda. Mi ò lè fi olóògbé jẹ gàrí." Tó bá sì pè é ní orúkọ àtijọ́, ọlọ́pàá dúró tì í. Ẹja ń jẹrà nínú agbọ̀n. Ó ń gbé e lọ sọ́jà láàárọ̀, ó ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi kọfí lásán sùn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àhesọ dé etí àwọn tó wà lólú-ìlú, wọ́n ní òkú kan ń jẹ adìyẹ ní ìlú wa. Wọ́n rán adájọ́ kan wá. Gbogbo ìlú kún ilé ìpàdé. Dókítà náà wá. Ó dé fìlà koríko, ó fi aṣọ ìborùn bo àgbọ̀n, ó jókòó sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú nínú aṣọ dúdú.

Ó ti rẹ adájọ́ náà, ooru sì mú un. Ó ní, "Mi ò wá láti pariwo. Wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin yìí ò kú. Tó bá wà níbí, kó dìde. N ó fi í padà sórí àga ẹ̀ lónìí, orúkọ ìlú yìí nìkan ni n ó fagi lé. Tí kò bá dìde, ó ti kú nìyẹn. N ó pa ìwé yìí dé, n kò sì ní í ṣí i mọ́."

Àwa tí a mọ̀ ọ́n lábẹ́ fìlà kò wo ẹ̀yìn, ojú tì wá fún un. Anacleto ń làágùn. Dona Leocádia nìkan ló yíjú padà, ó sì wo ọkọ rẹ̀ tààrà. Gbogbo ohun tó ní láti ṣe kò ju kó na orúnkún. Àga rẹ̀, ilé rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú orúnkún náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ojú rẹ̀ bá kan ògiri tó wà lókè orí adájọ́, níbi tí wọ́n ti tún orúkọ náà kọ, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọdé. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Ó padà jókòó.

Adájọ́ tẹ òǹtẹ̀. Ó di ìwé rẹ̀ sínú àpò.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn kan fi wọlé. Dona Benvinda ló ń bọ̀, òun àti àwọn obìnrin ẹlẹ́ja, pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Wọ́n to àwọn agbọ̀n náà sórí tábìlì ìgbìmọ̀.

"Ẹ gbà," ni Dona Benvinda wí. "Dókítà yín rèé. Òfin tẹ́yin ṣe ló pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni kankan ò rà á, àwọn ọmọ mi ò rí nǹkan jẹ. Tí orúkọ ẹja mi ò bá padà lónìí, ibí ni gbogbo wa á máa kó o wá láràárọ̀, títí ẹ̀yin fúnra yín á fi jẹ ẹ́ tán."

Anacleto fi áńkáṣífì di imú. Ẹ ti rí i pé ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní, "Ìgbìmọ̀ yìí ti ń ro ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí ìlú, odò, ẹja àti gbogbo nǹkan padà sí Guarapiná, kó nawọ́." Gbogbo wọn nawọ́ kan sókè, wọ́n sì fi èkejì di imú. Oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀ nílé kálukú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìgbà náà ni ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ dìde. Fìlà rẹ̀ jábọ́. "Èmi rèé! Mo wà láàyè! Èmi, Aristarco Vilhena Brandão, ọmọ ilẹ̀ yìí, ìránṣẹ́ àwọn..."

"Ta ni bàbá yìí?" ni adájọ́ béèrè.

Anacleto wò ó láti òkè délẹ̀. "N kò mọ̀ ọ́n, Olúwa mi. Ó jọ olóògbé díẹ̀. Àmọ́ olóògbé sanra jù ú lọ."

Adájọ́ yíjú sí obìnrin aláṣọ dúdú. "Dona Leocádia, ọkọ yín nìyí?"

Obìnrin náà dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ pè é, mo wẹ̀yìn. Mo wò ó pé kó dìde. Ká ní ọkọ mi wà láàyè ni, ì bá ti dìde fún mi nígbà yẹn. Ó ti kú, Olúwa mi. Mo ti sunkún ẹ̀ tán." Adájọ́ dé fìlà rẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá.

Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ káàánú rẹ̀ káàánú. Ó dáa, mo káàánú rẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìpàdé nínú oòrùn. Àwọn ọkùnrin ti gun àkàbà, wọ́n ń ha ọ̀dà wúrà kúrò lára ògiri, ó sì ń já bọ́ sí i lórí. Àwọn afunfèrè kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń sin Anacleto lọ sílé oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Dona Benvinda jáde pẹ̀lú agbọ̀n tí ó ti da ẹja inú rẹ̀ nù. Ó dúró.

"Bàbá, ẹ yẹsẹ̀, omi ẹja ti ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ yín." Ó wò ó díẹ̀ sí i. "Ẹ ti jẹun?"

Ó mi orí pé rárá.

Ó lọ bá aládùúgbò rẹ̀ tó ń sun ẹja lábẹ́ igi, ó gba ẹja kan tó ṣì ń rú èéfín, ó da gàrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ewé, ó gbé e wá. "Guarapiná ni. Ẹ ṣọ́ra fún egungun ẹ̀."

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Dona Benvinda wí. "Òkú kì í sanwó."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ewé náà. A dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, nítorí a mọ̀ ọ́n, a mọ̀ pé yóò kọ́kọ́ kí àwọn tó dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ ṣé, Dona Benvinda," ló wí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe orúkọ ẹlòmíràn ní gbangba kí ó tó pe tirẹ̀.